Ìwé wo lo pa tì, ojú ìwé kelòó lo dé?

Bí ọ̀dọ́langba bá ní kí ẹ wá ìwé tó dùn fún òun, ẹ má tíì dárúkọ ìwé kankan. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ìwé wo ló pa tì gbẹ̀yìn, ojú ìwé kelòó ló dé kó tó pa á tì, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà máa ń bi ọmọ ni "Irú ìwé wo lo fẹ́ràn?", ìdáhùn tí wọ́n sì máa ń rí gbà ni èyí tí ọmọ náà rò pé ó máa dùn mọ́ wọn nínú. Ọmọ SS 1 kò ní sọ fún bàbá rẹ̀ pé àwòrán nìkan lòun ń wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í níbi tó dúró sí, kò sí ìtìjú níbẹ̀, á sọ òótọ́.

Ibi tí òǹkàwé dúró sí ló ń fi ohun tó ṣe é hàn. Ẹni tó dúró kó tó dé ojú ìwé kẹwàá, lẹ́tà ló pọ̀ jù lójú rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú ló rọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó dé nǹkan bí ogójì tàbí àádọ́ta kó tó jù ú sílẹ̀, ìtàn náà ni kò tètè gbéra, tàbí kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó dé àárín, tó wá fi ìwé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò kórìíra ìwé náà. Ilé-ìwé ló wọlé, ìwé sì gùn ju àkókò tó ní lọ. Ẹni tó parí apá kìíní tí kò rí apá kejì rà, òun ló rọrùn jù láti ràn lọ́wọ́, òun náà ló sì máa ń bínú jù.

Ẹ wo bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń lọ:

— Kí lo kà gbẹ̀yìn?
— Àǹtí, ìwé kan báyìí tí wọ́n ní ká kà ní ilé-ìwé ni. Mi ò parí ẹ̀.
— Níbo lo dúró sí?
— Níbẹ̀rẹ̀ náà ni mà. Wọ́n kàn ń dárúkọ ọba, olorì, ọmọ ọba, ìlú yìí, ìlú yẹn. Mi ò mọ ta ni ta ni mọ́.
— Ṣebí o máa ń wo Naruto, fíìmù aláwòrán Japan yẹn, lórí fóònù?
— Bẹ́ẹ̀ ni mà.
— Èèyàn mélòó lo mọ orúkọ wọn níbẹ̀?
— Hàà, wọ́n pọ̀ mà! Ogún á ti lé.

Ẹ rí i báyìí pé orúkọ kọ́ ni ìṣòro ọmọ yìí. Bí orúkọ bá ti ní ojú tó tẹ̀lé e, orí rẹ̀ gbà á. Ìwé aláwòrán ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó jẹ́ èyí tí orúkọ inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí i.

Èyí tí mo máa kọ́kọ́ nawọ́ rẹ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Iyanu: Child of Wonder. Roye Okupe ló kọ ọ́, Godwin Akpan ló ya àwòrán rẹ̀, Dark Horse ti Amẹ́ríkà sì gbé apá kìíní jáde ní 2021. Ọmọbìnrin tí kò ní òbí ni Iyanu, ilẹ̀ Yorùbá ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ Yorùbá ayé àtijọ́ tí wọ́n fi àròsọ tún dá, àwọn ẹranko tí ègún ti bà jẹ́ sì ń dààmú àwọn ará ìlú Elu. Ní 2025 ni wọ́n sọ ọ́ di fíìmù aláwòrán fún Cartoon Network, nítorí náà ọmọ tó bá ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n máa fẹ́ mọ ohun tí fíìmù náà fò. Àwọ̀ inú ìwé yìí ló gbé e dúró, ẹ má ra fọ́tókọ́pì rẹ̀. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ fọ́tókọ́pì.

Èkejì ni New Kid tí Jerry Craft kọ tó sì ya fúnra rẹ̀. Jordan Banks, ọmọ ọdún 12, fẹ́ràn àti máa ya àwòrán, àwọn òbí rẹ̀ wá mú un lọ sí ilé-ìwé olówó ńlá tí àwọn ọmọ dúdú kò pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó bá kúrò ní ilé-ìwé ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí ilé-ìwé àdáni tó ní bọ́ọ̀sì tirẹ̀ máa mọ ohun tí Jordan ń rí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Fún àgbà tó bá ń jiyàn pé eré ọmọdé ni ìwé aláwòrán, ẹ sọ fún un pé New Kid ló kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Newbery nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ní 2020, Newbery sì wà lára àwọn ẹ̀bùn ìwé ọmọdé tó lórúkọ jù ní Amẹ́ríkà. Ó máa ń pa ẹnu wọn mọ́ díẹ̀.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó ní àwòrán ni ti ọmọdé. Àwọn tó gbọ́njú nígbà Ikebe Super, kọ́míìkì àwọn àgbà tí Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ ní 1976, mọ ìyẹn dáadáa. Aya tí Marguerite Abouet kọ, tí Clément Oubrerie ya, jẹ́ ọ̀kan nínú ìwé aláwòrán tó dára jù láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Yopougon ní Abidjan, ìparí ọdún 1970 sí 1979, ọmọbìnrin mẹ́ta, bàbá tó ń mutí, ijó, aṣọ, òfófó àdúgbò. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà lóyún, ọ̀rọ̀ okùnrin àti obìnrin sì pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà SS 1 sókè ni mo máa ń yà á sọ́tọ̀ fún. Ẹ má kàn wo èpo ìwé kí ẹ gbé e fún ọmọ JSS 1 nítorí pé àwòrán rẹ̀ rẹwà.

Ẹni tí kò tíì ka kọ́míìkì gígùn rí lè ṣì í kà, pàápàá àgbà. Òkè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún, kí a tó sọ̀kalẹ̀ sí ìlà tó kàn. Nínú àpótí àwòrán kan náà, bàlúùnù ọ̀rọ̀ tó ga jù tó sì sún mọ́ òsì jù ni ti ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàlúùnù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ṣóńṣó-ṣóńṣó, ariwo ni. Èyí tó dà bí ìkùukùu, èrò ọkàn ni. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú àpótí onígun mẹ́rin, ẹni tó ń sọ ìtàn ló ni ín. Àlàfo tó wà láàárín àpótí kan sí èkejì ló sì ṣòro jù, nítorí àkókò ló ń kọjá níbẹ̀: ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọnù, torí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀, wọn ò wo àwòrán. Ẹ ní kí ọmọ náà máa wo aṣọ àti ìmọ́lẹ̀ nínú àpótí tó tẹ̀ lé e. Bí aṣọ bá ti yí padà, ọjọ́ ti yí padà nìyẹn. Bí ó bá sì dé ojú ìwé tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀, kó má ṣí i kọjá wéré; ẹni tó yà á mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹnu mọ́ níbẹ̀ ni.

Kọ́míìkì Japan yàtọ̀. Láti ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń kà á, ohun tí àwa ń pè ní ẹ̀yìn ìwé sì ni iwájú rẹ̀. Ọmọ tó ti lọ sí ilé kéwú kò ní rí i bí àjèjì rárá. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni iye apá tó ní. Ìwé Naruto jẹ́ 72 apá. Bí ẹ bá fún ọmọ ní apá kìíní irú ìwé bẹ́ẹ̀, tó sì wù ú, níbo ni ẹ ti fẹ́ rí mọ́kànléláàádọ́rin yòókù ní Ìjẹ̀bú-Òde? Fullmetal Alchemist ti Hiromu Arakawa jẹ́ 27, ó sì ti parí láti 2010. Òun náà gùn, ṣùgbọ́n ó ní òpin tó dáa, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè pín in rà láàárín ara wọn. Ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni, tí wọ́n ṣe ohun tó lòdì sí òfin iṣẹ́ awo wọn, tí ẹ̀gbọ́n pàdánù apá àti ẹsẹ̀, tí àbúrò sì pàdánù gbogbo ara.

Ẹni tó bá jẹ́ pé orí fóònù nìkan ló ti lè kà á, ọ̀nà wà. Comic Republic, tí Jide Martin dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2013, ló ni kọ́míìkì Guardian Prime àti Ireti. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn òǹkàwé wọn ti kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n. Kọ́míìkì tí wọ́n yà fún ìwé títẹ̀ máa ń há lójú fóònù: ẹ dá fóònù dùbúlẹ̀, kí ẹ fẹ àpótí kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má fẹ gbogbo ojú ìwé. Èyí tí wọ́n yà láti máa fà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ló dára jù fún fóònù kékeré. Fáìlì rẹ̀ máa ń wúwo torí pé àwòrán ni ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ wà á sílẹ̀ níbi tí Wi-Fi bá wà, kó má baà jẹ dátà yín tán. Bí orúkọ fáìlì bá parí sí .cbz, kò bàjẹ́ o. Àwòrán tí wọ́n dì pọ̀ bíi zip ni, áàpù tó ń ka PDF lásán lè kọ̀ ọ́, áàpù tí wọ́n ṣe fún kọ́míìkì kò ní kọ̀ ọ́.

Ó wá ku ìtàn àràmàǹdà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan, ibẹ̀ gan-an sì ni ìwé púpọ̀ ti ń di ohun tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò kalẹ̀. Ohun tí mo fi ń wọn irú ìwé yìí ni èèwọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá dàgbà nílé mọ̀ pé bí Agẹmọ bá ń bọ̀, obìnrin kò gbọdọ̀ rí i. Agbára wà, òfin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyà sì wà fún ẹni tó bá rú u. Ìwé àràmàǹdà tí ẹnikẹ́ni lè fi ọfọ̀ ṣe ohunkóhun nígbàkígbà láìsan nǹkan kan kì í pẹ́ sú ènìyàn. Torí náà, kí n tó dámọ̀ràn ọ̀kan, mo máa ń wá ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí agbára náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Bí mi ò bá rí i nínú orí márùn-ún àkọ́kọ́, mo máa ń dá a padà.

Akata Witch ti Nnedi Okorafor (2011) yege nínú ìdánwò yìí. Aba ni Sunny ń gbé, New York ni wọ́n bí i sí, àfín ni, ó sì mọ bọ́ọ̀lù gbá. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Orlu, Chichi àti Sasha, wọ inú ayé kan tó pamọ́ sẹ́yìn ayé tí gbogbo ènìyàn ń rí. Ẹni tó bá ṣe juju níwájú ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ máa jìyà. Ohun tó wá wù mí jù ni owó wọn: chittim ni wọ́n ń pè é, irin tó tẹ̀ kọdọrọ ni, ó sì máa ń já bọ́ láti òfuurufú síwájú ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ohun tuntun. Ẹ sọ ìyẹn nìkan fún ọmọ JSS 2, ẹ má sọ nǹkan mìíràn, á bèèrè ìwé náà lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún òbí ni pé ọ̀daràn inú ìwé náà ń jí ọmọ kéékèèké gbé. Ọmọ ọdún 12 lè gbé e. Ọmọ ọdún 9 tó ń bẹ̀rù òkùnkùn, ẹ jẹ́ kó dúró.

Ìṣòro kan wà tó ń jẹ owó àwọn tó ń ra ìwé yìí ní Nàìjíríà. Cassava Republic tẹ ìwé yìí kan náà jáde níbí pẹ̀lú orúkọ mìíràn, What Sunny Saw in the Flames. Apá kejì rẹ̀, Akata Warrior, náà ní orúkọ tirẹ̀ níbí: Sunny and the Mysteries of Osisi. Ẹ̀gbọ́n kan lè ti Èkó bọ̀ wá fún Ojúde Ọba, kó ra What Sunny Saw fún ọmọ tó ti ka Akata Witch tán, kó sì rò pé apá kejì lòun rà. Ìwé kan náà ni. Apá kẹta, Akata Woman, jáde ní 2022.

Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi (2018) ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ "Yorùbá" àti "àràmàǹdà" pọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ mi ò kì í fi í ṣe ìwé àkọ́kọ́. Ó lé ní 500 ojú ìwé, ènìyàn mẹ́ta, Zélie, Amari àti Inan, ló sì ń sọ ọ́, gbogbo wọn ń sọ pé "èmi". Orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà lókè orí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òǹkàwé tó ń sáré kì í wo òkè orí. Òun ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń dúró ní nǹkan bí ojú ìwé ogójì, tí wọ́n á ní ìwé náà kò yé àwọn. Bí ẹ bá fẹ́ fún ènìyàn, ẹ ṣí orí mẹ́ta àkọ́kọ́ níwájú rẹ̀, kí ẹ fi ìka tọ́ka sí orúkọ tó wà lókè. Ìṣẹ́jú kan péré ni, ó sì ń gba ìwé là.

Òǹkàwé Yorùbá tún nílò ìkìlọ̀ kejì. Orúkọ wa ni Adeyemi lò, kò lo ilẹ̀ wa bó ṣe rí. Ilorin inú ìwé náà léfòó lórí òkun. Ọya di òrìṣà ìyè àti ikú níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìjì àti odò ni àwa fi mọ̀ ọ́n jù. Ọfọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá gidi, ọmọ tó gbọ́ Yorùbá máa lóye rẹ̀ ṣáájú ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ka ìwé kan náà. Ẹni tí wọn kò sọ èyí fún tẹ́lẹ̀ máa ń bínú sí Ilorin olókun yẹn débi pé kò ní tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ti mọ̀ pé ayé mìíràn ni, tó kàn yá orúkọ lò, máa gbádùn rẹ̀. Ìjà àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, wọ́n dá ènìyàn lóró lójú ìwé. Ọmọ ọdún 14 sókè. Apá mẹ́ta ni, èyí tó kẹ́yìn jáde ní 2024, nítorí náà kò sí ìdúró mọ́.

Bí ẹni náà bá ní òun kò lè ka apá mẹ́ta, Raybearer ti Jordan Ifueko ni kí ẹ fún un. Méjì péré ni, Raybearer (2020) àti Redemptor (2021), ó sì parí síbẹ̀. Ìyá Tarisai rán an lọ sí ààfin láti di ọ̀rẹ́ ọmọ ọba, kó sì pa á. Ọmọ ọba náà ń jẹ́ Ekundayo, olú-ìlú ń jẹ́ Oluwan. Tarisai wá fẹ́ràn ọmọ ọba náà gan-an, àṣẹ ìyá sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí kò lè kọ̀. Èèwọ̀ gbáà nìyẹn. Lójú mi, nínú gbogbo ìwé tí mo dárúkọ, Ifueko ló mọ ìtàn dì jù, òun ni wọ́n sì kì í sábà mẹ́nu bà.

Ẹni tó ti ka gbogbo ìwọ̀nyí tán, tó ń bèèrè pé kí ló kù, ẹ má wá a lọ sí òkè òkun. Fágúnwà ni. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti wà láti 1938, ọmọ tó ń ka Fullmetal Alchemist sì lè má mọ̀ pé ẹgbẹ́ akọni tó ń wá wà nínú rẹ̀. Àṣìṣe tí àwọn olùkọ́ ń ṣe ni pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù inú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọba ti rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láǹgbòdó. Ẹ ka àwọn tó lọ: Kàkò tó ní kùmọ̀, Ìmọ̀dóye ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ tó jẹ́ pé orin àti ìlù ni ohun ìjà rẹ̀, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹranko, Ẹ̀fọ̀ìyẹ̀ ọlọ́fà tó ní ìyẹ́ lára, Aràmàdà-ọkùnrin tí òtútù máa ń mú nígbà tí ooru bá mú àwọn yòókù, àti Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀. Kí ọmọ ya méje wọn sí ìwé, agbára ẹnì kọ̀ọ̀kan lábẹ́ orúkọ rẹ̀, kó tó kà á. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí orúkọ tó máa rú u lójú mọ́.

Ohun tó ń lé àwọn ọmọ sá nídìí Fágúnwà kì í ṣe ìtàn, àkọtọ́ ni. Ẹ̀dà tó pọ̀ nílé àwọn bàbá wa ni èyí tí wọ́n tẹ̀ kí àkọtọ́ òde òní tó dé ní 1974. Ẹ kọ èyí sórí pépà kékeré kan kí ẹ fi há ojú ìwé: "aiye" ni ayé, "enia" ni ènìyàn, "ọkọnrin" ni ọkùnrin, "nwọn" ni wọ́n, "yio" ni yóò. Ohùn orí ọ̀rọ̀ náà kò sì pé. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n kà á sókè: bí ahọ́n bá gbé gbólóhùn gígùn yẹn, etí máa ṣe ìyókù. Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, ojú ìwé mẹ́rin-mẹ́rin, ẹni tó bá kọsẹ̀ kó gbé e fún ẹni tó kàn.

Ọ̀rọ̀ òrìṣà máa ń bí ìbéèrè nílé onígbàgbọ́ àti nílé mùsùlùmí. Ẹ má jiyàn, ẹ má sì pa á mọ́. Ẹ sọ ohun mẹ́ta fún òbí kí wọ́n tó bèèrè: òrìṣà wo ni wọ́n dárúkọ àti ohun tí ó ń ṣe nínú ìtàn, ibi tí ìjà ti le jù, àti bóyá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wà. Òbí tó bá ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu yín kì í ṣàìgbà. Èyí tó fúnra rẹ̀ ṣàwárí rẹ̀ lábẹ́ pílò ọmọ ló ń gba ìwé náà jù síta, tó sì ń gba ìwé mìíràn mọ́ ọn.

Àwọn kan á sì tún sọ pé odi ńlá àti olorì alágbára, ìtàn àwọn òyìnbó ni. Ẹ mú wọn lọ sí Òkè-Ẹ̀rì, ẹ fi Sùngbọ́ Erédò hàn wọ́n. Odi àti yàrà náà gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà yíká ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbòmíràn láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Obìnrin kan ni ìtàn ìlú sọ pé ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ọmọ tó bá ti dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, tí igi ti hù bo òkè, kò ní bèèrè mọ́ pé báwo ni ìlú inú ìwé àràmàǹdà ṣe ń tóbi.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á: yálà ṣọ́ọ̀bù ní Ìjẹ̀bú-Òde ni tàbí ẹni tó tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Ṣágámù, ẹ yí ìwé sẹ́yìn kí ẹ wo ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé tó ní díjíìtì 13, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978 tàbí 979. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Google kí ẹ tó sanwó. Á sọ apá kelòó nínú ọ̀wọ́ ìwé náà ni, á sì tú ọ̀rọ̀ orúkọ méjì ìwé Okorafor yẹn fún yín. Apá kejì ló máa ń pọ̀ nínú ìwé àlòkù, mo sì gbà pé torí pé ẹni tó ra apá kìíní kì í fẹ́ tà á ni.

Ìwé ayédèrú rọrùn láti mọ̀ bí ó bá jẹ́ aláwòrán. Èyí tí wọ́n yà ní dúdú àti funfun láti ìbẹ̀rẹ̀, irú bíi ti Japan, ẹ lè fara da fọ́tókọ́pì rẹ̀ bí lẹ́tà bá hàn. Èyí tó jẹ́ àwọ̀, bíi Iyanu àti Aya, á kú pátápátá: òru àti ọ̀sán á dà bí ara wọn, ẹni tó wọ aṣọ pupa àti ẹni tó wọ aṣọ aró á di ẹnì kan ṣoṣo, àlàfo àkókò tí mo sọ lókè yẹn kò ní ṣeé mọ̀ mọ́. Ẹ ṣí àárín ìwé, níbi tí àwòrán kan bá gba ojú ìwé méjì. Bí etí òsì rẹ̀ kò bá bá etí ọ̀tún mu, tàbí tí ọ̀rọ̀ ti wọ inú ibi tí wọ́n rán pọ̀, wọ́n tún un tẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ka nọ́ńbà ojú ìwé láti 30 dé 50, bóyá ewé kan ti fò. Ẹ ṣe é níwájú ẹni tó ń tà á, torí bí ẹ bá ti délé, kò sẹ́ni tó máa gbà á padà.